Orí Kẹrin: Kàtúùnù Títì Àdúgbò Yín

Kàtúùnù tó ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń sọdá títì kún orí YouTube, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó mú mi ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún ṣíṣe tiwa ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ńlẹ̀ yẹn lè kó ọmọ tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú sí wàhálà. Àwọn tó ṣe wọ́n mọṣẹ́ dáadáa o, àmọ́ títì tiwọn ni wọ́n yà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iṣẹ́ yìí ti lọ́jọ́ lórí. Ní 1953 ni Elsie Mills, tó ń ṣiṣẹ́ ní RoSPA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí dídènà ìjàǹbá, dá ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Tufty sílẹ̀. Nígbà tó di 1961 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, nígbà tó yá, wọ́n tún ń gbé àwọn fíìmù kúkúrú nípa rẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Tufty gbọ́ràn. Willy Weasel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláìgbọ́ràn, ló sáré lọ ra áísìkíríìmù láìdúró de àgbà, tí ọkọ̀ fi gbá a. Ẹ̀kọ́ náà péye fún Lọ́ńdọ̀n. Apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀, nítorí náà apá ọ̀tún ni ọkọ̀ tó sún mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ jù ti ń yọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn pé kó kọ́kọ́ wo ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń wakọ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, òsì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń yọ sí ẹlẹ́sẹ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá ń wo kàtúùnù Gẹ̀ẹ́sì láwòtúnwò yóò yí orí sí ọ̀tún, yóò rí i pé ibẹ̀ dá, yóò sì gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ síwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òsì. Bí ẹ bá ní ẹbí tó bímọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ fi Tufty ránṣẹ́ sí wọn, ibẹ̀ ló ti wúlò. Ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa, nítorí náà fíìmù tí ẹ bá ṣe ní Ìsẹ́yìn yóò bá wọn mu, kìkì pé kẹ́ ẹ sọ ọlọ́kadà di zémijan.

Ọ̀rọ̀ ilà funfun tí wọ́n fà sójú títì fún ẹlẹ́sẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Nínú kàtúùnù òkèèrè, bí ọmọ bá ti dé etí ilà yìí, gbogbo ọkọ̀ á dúró, awakọ̀ á rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ lè juwọ́ sí ọmọ. Òfin ibẹ̀ ló ní kó dúró. Ní tiwa, ẹ̀yin náà mọ ohun tí dẹrẹ́bà danfo tó fẹ́ gbọ̀nà mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ máa ń ṣe tó bá rí ilà funfun. Ọmọ tó ti gbà pé ilà náà ló ń dá ọkọ̀ dúró wà nínú ewu ju ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ilà lọ. Bákan náà ni títì tí ọkọ̀ ń gbà níhà kan ṣoṣo. Kàtúùnù Amẹ́ríkà lè sọ pé ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ nìkan ni kí ọmọ wò. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gba wan-wé kiri, nítorí náà kò sí títì kankan tí ọmọ Yorùbá lè fi ìhà kan sílẹ̀ láìwò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ti 2023 pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jù lágbàáyé. Ẹni tó bá fẹ́ fi kàtúùnù dá sí ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù. Etí títì ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọdá

Ẹ gbé àga lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní àsìkò tí ilé-ìwé jáde, kẹ́ ẹ sì máa wo àwọn ọmọ. Ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àyàfi tí ewu bá wọlé. Ibo gan-an ni wọ́n ti ń sọdá? Kí ló wà lódìkejì tó ń fà wọ́n? Ó lè jẹ́ ìyá elépà, ó lè jẹ́ oníyìnyín. Ọkọ̀ wo ló máa ń dúró síbi tí kì í jẹ́ kí ọmọ rí iwájú? Ta ló ń pe ọmọ láti òdìkejì? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò títì náà, torí fọ́tò yẹn lẹ máa fi ya ẹ̀yìn fíìmù yín. Ọmọ tó bá rí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò rẹ̀ nínú kàtúùnù kò ní rò pé ìtàn ìlú ẹlòmíì ni.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú ẹyọ ìwà kan péré. Mo ti rí fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́ta tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní iná ojú títì, bẹ́líìtì ọkọ̀, akoto ọ̀kadà, afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn àmì ojú pópó pọ̀. Orin ìparí rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ gbà mú. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin láti sọ, fíìmù mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ṣe.

Bó bá jẹ́ èmi ni, méjì ni mo máa kọ́kọ́ mú, ọ̀kan fún fíìmù kan. Èkíní ni bíbọ́ sílẹ̀ nínú danfo. Ọmọ bọ́ sílẹ̀ tán, danfo ṣì dúró, kọ̀ńdọ́ ṣì ń pe èrò, ọmọ sì gba iwájú mọ́tò yọ sójú títì. Dẹrẹ́bà ọkọ̀ tó fẹ́ yẹ danfo náà sílẹ̀ kò rí i, òun náà kò rí dẹrẹ́bà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kúrú: jẹ́ kí danfo lọ ná.

Èkejì le díẹ̀, torí pé ẹ̀kọ́ ilé wa ló bí i. A kọ́ ọmọ pé bí àgbà bá pè é, kó dáhùn kíá, kó sì sáré wá. Ọmọ tó bá ń fà tìkọ̀ ni a ń bá wí. Nígbà náà, màmá rẹ̀ dúró lódìkejì títì, ó pè é, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ gbà pé àìgbọ́ràn ni dídúró wo ọkọ̀. Kò sí kàtúùnù òkèèrè tó mọ̀ pé wàhálà yìí wà. Fíìmù yín ló máa fún ọmọ láṣẹ láti dúró, ìyá inú fíìmù ló sì gbọ́dọ̀ fi àṣẹ náà fún un, kì í ṣe tíṣà. Mo máa kọ ọ́ báyìí:

"Àyọ̀ká! Wá gba owó búrẹ́dì!"

"Mo ti gbọ́ mà! Ọkọ̀ ń kọjá lọ́wọ́, mo dúró síbí mà!"

"O káre, ọmọ mi. Má kúrò níbẹ̀, èmi ni mò ń bọ̀ wá bá ẹ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kẹ́ ẹ má yọ kúrò. Bí ẹ bá ti fi fíìmù náà han àwọn ọmọ, ẹ fi han àwọn òbí nípàdé òbí àti olùkọ́, torí àwọn gan-an ló ń pe ọmọ sọdá.

Ohun tí ojú ọmọ kò rí

Stina Sandels, onímọ̀ nípa ọmọdé ní Sweden, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọ kéékèèké ṣe ń ṣe lójú títì. Ó rí i pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìhà tí ìró ọkọ̀ ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ní 1991, Kwame Ampofo-Boateng àti James Thomson tẹ iṣẹ́ kan jáde látinú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Scotland: bí ọmọ ọdún márùn-ún sí méje kò bá ti rí ọkọ̀, ó gbà pé ibẹ̀ dára láti sọdá, ì báà jẹ́ pé kọ́nà ló bo ọkọ̀ náà tàbí ọkọ̀ mìíràn tó dúró. Ọ̀nà tó lọ tààrà tó sì kúrú jù ni wọ́n sì máa ń yàn.

Ibí yìí gan-an ni kàtúùnù ti ju tíṣà lọ. Tíṣà lè wí títí pé ọkọ̀ wà lẹ́yìn danfo, ọmọ kò rí i. Fíìmù lè gbé ojú wa sókè, kó fi ẹ̀yìn danfo hàn, kó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìwọ̀n gíga ọmọ, tí gbogbo ohun tó kù fi jẹ́ ògiri àwọ̀ yẹ́lò. Kó tún bọ́ sẹ́yìn ìdarí ọkọ̀ kejì, kí ọmọ rí i pé láti ibẹ̀, òun alára kò hàn rárá. Ìríran mẹ́ta yìí ni kẹ́ ẹ fi kọ́ fíìmù náà, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré.

Ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ kọ ọ́ bí àlọ́ àpagbè, tí àwọn tó ń wò á máa dáhùn. Bí àpẹẹrẹ, ohùn kan á wí pé, "Mo ti bọ́ sílẹ̀ o," wọ́n á dáhùn pé, "Kó lọ ná!" "Màmá mi wà lọ́hùn-ún o." "Kó lọ ná!" "Danfo ti lọ o." "Wòsì, wọ̀tún, tún wòsì!" Ẹ jẹ́ kí ohùn orin náà tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí orin bá gbé "wòsì" sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ọmọ á kọ ọ́ lórin, kò sì ní gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú fíìmù yìí ló máa ń sáré mú Ìjàpá. Mi ò fara mọ́ ọn pé kí Ìjàpá jẹ́ ẹni tó ń sọdá. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ làwọn ọmọ fẹ́ràn, bí ìyà bá sì jẹ ẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Bí ẹ bá fẹ́ Ìjàpá dandan, ẹ fi ṣe dẹrẹ́bà danfo, iṣẹ́ náà bá a mu.

Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ ẹnikẹ́ni pẹlẹbẹ kó tún dìde gbọn ara nù bíi ti Tom àti Jerry. Ẹ má sì fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Ìró táyà tó ń fa títì àti búrẹ́dì tó já bọ́ tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun kan tún wà: ìwà tí kò dára máa ń wuyì lójú àwòrán, torí ìgbà náà ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Bí fíìmù bá fi ogún ìṣẹ́jú àáyá han ọmọ tó ń sáré, tó sì fi márùn-ún péré han ọmọ tó dúró, sísáré lẹ kọ́ wọn. Dídúró yẹn ni kẹ́ ẹ sọ di eré: ọkọ̀ ń kọjá, ọmọ ń ka àwọ̀ wọn, ewúrẹ́ kan wá dúró tì í.

Agolo sàdíìnì àti rúlà

Ẹ ò nílò ju fóònù kan, tábìlì kan, páálí, amọ̀ aláwọ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣeré, àti irú ọkọ̀ tí àwa náà fi agolo sàdíìnì ṣe ní kékeré lọ. Áàpù Stop Motion Studio wà fún fóònù. Ó máa ń jẹ́ kí fọ́tò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà hàn fírífírí lábẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ yà, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yà lọ́wọ́ lè lo Pencil2D lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn agolo àti amọ̀, torí pé lẹ́yìn tí fíìmù bá parí, àwọn ọmọ ṣì lè fi ọwọ́ gbé wọn.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí ni pé ẹ ya fọ́tò, ẹ sún nǹkan díẹ̀, ẹ tún ya òmíràn. Fọ́tò méjìlá fún ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Fíìmù oníṣẹ́jú kan á jẹ́ fọ́tò 720, àmọ́ ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín, torí níbi tí ìyá Àyọ̀ká bá ti ń sọ̀rọ̀ tí kò sí nǹkan tó ń rìn, fọ́tò kan lẹ máa fà gùn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí orí yìí ni pé ìwọ̀n tí ẹ bá fi sún ọkọ̀ àti ọmọ ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí tábìlì. Agolo sàdíìnì gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gidi sì gùn tó nǹkan bíi mítà 4. Ìyẹn já sí pé mítà kan lójú títì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5 lórí tábìlì. Títì oníhà méjì tó fẹ̀ ní mítà 7 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17 àti ààbọ̀. Ọmọ tó ga ní mítà 1.2 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Danfo á ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ọmọ amọ̀ yín á sì sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pátápátá láìjẹ́ pé ẹ ṣe àrékérekè kankan.

Òfin ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má sáré kọjá kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan nínú ìlú ní Nàìjíríà. Bó bá pa òfin yẹn mọ́, ó ń lọ ní mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí tábìlì, sẹ̀ǹtímítà 35 nìyẹn. Pín in sí fọ́tò méjìlá, ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín fọ́tò kan sí èkejì. Ọmọ tó ń rìn ń lọ ní nǹkan bíi mítà 1.2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe ìdámẹ́rin sẹ̀ǹtímítà fún fọ́tò kan: ilà kéékèèké méjì àbọ̀ lórí rúlà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́wọ́ lé ọkọ̀, ẹ sún un ní sẹ̀ǹtímítà 3. Nígbà tí ẹ bá gbọ́wọ́ lé ọmọ, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ má sì sún un ju ilà méjì àbọ̀ yẹn lọ.

Ibẹ̀ ló máa ń sú ènìyàn. Kí ọmọ tó sọdá sẹ̀ǹtímítà 17 àti ààbọ̀, ó di fọ́tò 70, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ọwọ́ á fẹ́ yá láti sún un ní odindi sẹ̀ǹtímítà kan kan kí ilé lè tètè mọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ti ń lọ bíi kìlómítà 17 láàárín wákàtí kan, ó ti sọdá kí ojú tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fíìmù yẹn ti parọ́, ẹni tó wò ó á sì gbà pé òun náà lè sá kọjá.

Ẹ wá wo ohun tí òótọ́ ń sọ. Láàárín fọ́tò 70 tí ọmọ fi ń sọdá, ọkọ̀ ti sún ní sẹ̀ǹtímítà 210, ó lé ní mítà méjì. Ẹ gbé agolo sí òpin tábìlì tó gùn ní mítà méjì, kẹ́ ẹ gbé ọmọ sí òpin kejì, kẹ́ ẹ sì fi ojú yín wò ó. Ó jìnnà, àbí? Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn báyìí, agolo náà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó gun etí títì kejì. Ẹ jẹ́ kí fíìmù dúró lórí tábìlì gígùn yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ ẹnu tó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ jíjìnnà àti eré ọkọ̀ fún ọmọdé bẹ́ẹ̀.

Bíréèkì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwé òfin ìwakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọkọ̀ tó ń sáré ní kìlómítà 48 láàárín wákàtí kan, lórí títì gbígbẹ, máa ń lọ mítà 9 kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì, á tún lọ mítà 14 kó tó dúró. Ó di mítà 23. Lórí tábìlì, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti yọ, ẹ ya nǹkan bíi fọ́tò mẹ́jọ tí ọkọ̀ kò dẹ eré rárá. Kí ojú awakọ̀ là gbàù nínú àwọn fọ́tò mẹ́jọ yẹn, àmọ́ kí táyà máa yí lọ bó ṣe ń yí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa dín ìsúnsíwájú náà kù díẹ̀díẹ̀, láti bíi sẹ̀ǹtímítà 3 títí dé òdo, láàárín nǹkan bíi fọ́tò 25. Gbogbo rẹ̀ á gba bíi sẹ̀ǹtímítà 57 lórí tábìlì. Danfo tí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ kù nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ohun kéékèèké tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ fi aṣọ dí i, torí bí ìkùukùu bá kọjá lójú oòrùn, fíìmù á máa ṣẹ́jú. Ẹ lo tọ́ọ̀ṣì alágbára tí wọ́n ń ṣáàjì, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yí padà tí wọ́n bá múná lọ. Ẹ fi okùn so fóònù mọ́ àga, kẹ́ ẹ sì ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ pa kí ẹni tó ń pè má mì í. Ẹni tó ń sún nǹkan kó wọ aṣọ dúdú, torí funfun máa ń tàn padà sára agolo. Fún ojú ọmọ, ẹ dorí fóònù kodò kí kámẹ́rà rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, a ó rí títì bí ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 ṣe ń rí i. Ẹsẹ̀ ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, nítorí náà ẹ mọ ọmọ méjì tó jọra, kí ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, kí èkejì gbé òsì, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ohùn, ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú, nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ọmọ tí ẹ bá lo ohùn rẹ̀. Ẹ̀ka èdè àdúgbò ni kí wọ́n sọ. Bí Èkìtì ni, kó jẹ́ Èkìtì. Fèrè ọkọ̀ àti igbe kọ̀ńdọ́, ẹ lọ gbà wọ́n sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ yín gan-an.

Kẹ́ ẹ tó fi fíìmù náà síta, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tó sún mọ́ yín, àjọ tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Ọ̀gá tó bá wò ó á tọ́ka sí àṣìṣe tí ẹ̀yin kò rí, wọ́n sì lè tẹ̀ lé yín wá sí ilé-ìwé.

Lẹ́yìn fíìmù

Ní 2001, Suzanne Zeedyk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún tí wọ́n fi eré àti àwòrán kọ́ ní ààbò ojú pópó. Ìmọ̀ àwọn ọmọ náà pọ̀ sí i, wọ́n sì rántí rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n dé etí títì, ìwà wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọn kò kọ́. Mo kọ èyí síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé fífi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí ti parí iṣẹ́. Fíìmù náà ń ṣílẹ̀kùn ni; ẹsẹ̀ ló ń kọ́ sísọdá.

Bí ẹ bá ń fi hàn wọ́n, ẹ má bèèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn á pariwo pé ó yé wọn, mà. Ẹ dá fíìmù dúró ní kété tí Àyọ̀ká bọ́ nínú danfo, kẹ́ ẹ sì gbé agolo àti ọmọ amọ̀ lé ọmọ kan lọ́wọ́: "Gbé e sọdá fún wa." Ọwọ́ rẹ̀ á sọ ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa títì sí pápá ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ kan jẹ́ ọkọ̀.

Òsì àti ọ̀tún máa ń dàrú mọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lójú. Ẹ sọ fún wọn pé òsì ni ọwọ́ tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kẹ́ ẹ so rìbọ́nù pupa mọ́ ọn, nínú fíìmù àti ní pápá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá ń padà bọ̀ láti òdìkejì, òsì náà ni wọ́n á tún kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn náà ló tó wá kan títì gidi. Ní Drumchapel, ní Glasgow, James Thomson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé ètò kan kalẹ̀ tó wá di Kerbcraft, níbi tí àwọn òbí àdúgbò ti ń mú ọmọ ọdún márùn-ún sí méje jáde sí etí títì ní ẹgbẹ́ kéékèèké, tí wọ́n ń kọ́ wọn láti yan ibi tó dára, láti sọdá láàárín ọkọ̀ tó dúró, àti láti sọdá ní oríta. Irú ètò yẹn ṣeé ṣe níbi gbogbo tí òbí bá wà. Àgbà kan kó mú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, kó di ọwọ́ wọn mú, kó dúró síhà tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, kó sì jẹ́ kí ọmọ ló sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀. Kí ọmọ máa ké ohun tó ń rí: "Kẹ̀kẹ́ ń bọ̀ lósì. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lọ́tùn-ún. Ó ti kọjá." Bí ohun tó sọ kò bá tọ́, àgbà kò ní gbé ẹsẹ̀, kó bi í pé, "Kí ló wà lẹ́yìn danfo yẹn?" kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Òpópónà kékeré ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Títì ńlá bíi Ìwó Road ní Ìbàdàn kì í ṣe ibi ìdánrawò, níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá sì wà, afárá ni kí gbogbo yín gbà. Ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kò gbọdọ̀ dá sọdá títì tó kún, bó ti wù kó mọ orin náà sórí tó.

Lẹ́yìn ìsinmi ilé-ìwé, ẹ tún fíìmù náà fi hàn, kẹ́ ẹ sì tún jáde. Bí ìjọba bá gbé ibùdókọ̀ kúrò níbi tó wà, tàbí tí wọ́n la títì kejì, ẹ tún apá tó kàn án yà. Ibi tí títì ti yí padà nìkan lẹ máa yà, ìyókù lè dúró bó ṣe wà.